Fáìlì Náà Ń Jẹ́ .jpg, Àmọ́ Ta Ló Sọ Ọ́ Lórúkọ?

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni màmá kan pè mí, mi ò tíì fọ ẹnu tán. Ó ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi ọ́, ṣé wọ́n ní mo parọ́ fún ẹgbẹ́ ni?" Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, irọ́ bíi ti báwo? Ó ní òun gbé fọ́tò òun sórí ìkànnì wa bí wọ́n ṣe ní kí òun ṣe, ẹ̀rọ wá kọ ọ́ gàdàgbà ní pupa pé irọ́ ni orúkọ fáìlì yìí, kí òun lọ gbé fáìlì tòótọ́ wá. "Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń dáwó nínú ẹgbẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó pè mí ní òpùrọ́ rí."

Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ pupa yẹn. Aago kan òru ni mo kọ ọ́, inú sì ń bí mi nígbà tí mò ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ kékeré ni iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Ìbàdàn, àwọn ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n fẹ́ ṣe káàdì ìdánimọ̀ tuntun, kí kálukú gbé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ sórí ìkànnì, kí kóòdù mi kó gbogbo ẹ̀ jọ kó tò ó sórí káàdì, ká gbé e lọ tẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ní kí n fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ orí ìkànnì ọ̀hún, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dun màmá tó bẹ́ẹ̀, torí ká ní òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, "invalid file type" lásán, wọn á ti wo iwájú wo ẹ̀yìn, wọn á pa fóònù dé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo bú ẹnikẹ́ni. Yorùbá ló tú àṣírí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ kóòdù náà, mo lo mimetypes tó wà nínú Python, èdè tí mo fi ń kọ kóòdù, guess_type inú ẹ̀ ló máa ń sọ irú tí fáìlì jẹ́. Orúkọ ẹ̀ gan-an ti kìlọ̀ fún mi, guess, ó ń méfò ni, àmọ́ mo ṣáà rò pé á kọ́kọ́ ṣí fáìlì wò kó tó méfò. Kò ṣí nǹkan kan jàre. Orúkọ ló ń wò, ìrù tó wà lẹ́yìn dọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn. Ẹ fún un ní iyaloja.jpg tí kò sí níbì kankan lórí kọ̀ǹpútà yín, á ní image/jpeg ni, kò ní ṣẹ́jú. Mo tún gbára lé èyí tí browser, ètò tá a fi ń ṣí ìkànnì, ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fáìlì, mo rò pé ìyẹn á mọ̀ jù ú lọ, òun náà ìrù ló ń wò, ẹnu kọ̀ǹpútà tó bá wà lórí ẹ̀ ló sì ti ń gbọ́ ọ, tó fi jẹ́ pé CSV tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti orí Windows tó ní Excel lè jáde ní application/vnd.ms-excel, bẹ́ẹ̀ CSV lásán ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí kọ́mà là láàárín.

(Orúkọ alápá méjì yẹn, íméèlì ló bí i. Nathaniel Borenstein àti Ned Freed ló gbé ètò MIME jáde ní 1992, kí íméèlì lè gbé nǹkan tó ju ọ̀rọ̀ lásán lọ. Ẹbí ló ń ṣíwájú, ọmọ ló ń tẹ̀ lé e, image ni ẹbí, jpeg ni ọmọ. Àwọn kan kúrú, ti docx gùn bí oríkì: application/vnd.openxmlformats-officedocument.wordprocessingml.document. Ẹni tó bá kà á tán láìmí, mo kí i.)

Ó sì yẹ kí n ti gbọ́n nípa ọ̀rọ̀ ìrù, torí gbogbo wa la gbọ́ ìtàn ILOVEYOU, oṣù Karùn-ún 2000, fáìlì tó ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs, Windows máa ń fi ìrù tó kẹ́yìn pa mọ́, àwọn èèyàn rí TXT, wọ́n ní lẹ́tà ìfẹ́ ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ètò burúkú ni, ó gba íméèlì wọn lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀. Ìrù ni wọ́n fi mú ayé.

Ṣùgbọ́n èmi kọ́, mo ní fọ́tò lásán ni, kí ló máa ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tá a tẹ káàdì àkọ́kọ́, mọ́kànlá jáde láìlójú. Orúkọ wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, ibi tó yẹ kójú wà, àlàfo eérú. Gbogbo fáìlì mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló ń jẹ́ .jpg o. Mo ní há, àwọn èèyàn yìí ń yí orúkọ fáìlì padà láti fi tàn mí jẹ. Ibi tí ìbínú ti wọlé nìyẹn.

Ohun tó yẹ kí n ti lò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni libmagic, laíbírì (kóòdù tẹ́lòmíì ti kọ sílẹ̀ kéèyàn lò) tó máa ń wo inú fáìlì kó tó sọ irú tó jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Linux, ẹ ti bá a pàdé, òun ló wà nídìí àṣẹ file, ẹ kàn kọ file passport.jpg, á sọ ohun tó rí fún yín. Àṣẹ yẹn dàgbà ju èmi lọ, ó ti wà nínú Unix ní Bell Labs láti 1973, àmọ́ èyí tó wà lórí Linux wa lónìí, Ian Darwin ló tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ láàárín 1986 sí 1987 kó lè jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, Christos Zoulas ló sì ti ń tọ́jú ẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Tẹ́ ẹ bá ń kọ Python, python-magic ló máa bá yín bá a sọ̀rọ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ọmọ Yorùbá ò ní pẹ́ lóye ẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi kọ àbàjà. Orúkọ yòówù kó fún ara ẹ̀ l'Ékòó, ẹni tó bá mọ ilà ti mọ̀ pé ọmọ Ọ̀yọ́ rèé kó tó la ẹnu. Fáìlì náà kọlà. Ìwọ̀nba báìtì, àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ fáìlì, ló máa ń wà níwájú orí ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní magic number, libmagic sì ní ìwé ńlá kan tó kọ gbogbo ilà tó mọ̀ sí, ó mú fáìlì, ó wo ojú ẹ̀, ó wo ìwé. JPEG ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FF D8 FF. PDF, %PDF-. GIF ò tiẹ̀ bò ó, GIF87a tàbí GIF89a gbangba. Àwọn míì fi orúkọ ara wọn ṣe ilà ọmọ wọn: zip ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK, Phil Katz ló ṣe é, fáìlì .exe ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MZ, Mark Zbikowski, òṣìṣẹ́ Microsoft. Ó jọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sí ìdí ìkòkò kó má bàa sọnù lóde ìnáwó.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti PNG, báìtì mẹ́jọ, kò sí ọ̀kan tó kàn wà níbẹ̀ ṣeré. 137, P, N, G, 13, 10, 26, 10. 137 yẹn ju 127 lọ, tó bá gba ojú ọ̀nà àtijọ́ tó máa ń já bíìtì kẹjọ dànù, á yí padà, wàá sì mọ̀ pé nǹkan ṣe é lọ́nà. 13 àti 10 ni àmì ìparí ìlà ti Windows, 10 tó kẹ́yìn ni ti Unix, tí ètò kan bá lọ bá ọ tún òpin ìlà ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á bàjẹ́. 26 sì ni Ctrl-Z, tẹ́nì kan bá fi DOS tú fáìlì náà sójú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ló máa dúró, kò ní da pàǹtí sí i lójú. Ilà tó jẹ́ pé bó o ṣe ń fi mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ń fi mọ̀ bóyá wọ́n lù ú lójú ọ̀nà. Ẹni tó ronú ẹ̀, orí ẹ̀ pé.

Kì í ṣe ojú ni gbogbo wọn ń kọ ọ́ sí o. tar, fáìlì tó ń kó fáìlì míì jọ, ń kọ ustar síbi báìtì 257, ìyẹn ti wọnú ikùn. Fídíò MP4 àti 3gp, fọ́tò HEIC, báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ wọn iye lásán ni, ó di ìkarùn-ún kó o tó rí ftyp, lẹ́yìn ẹ̀ lo máa wá mọ ojúlé tó ti jáde: mp42, 3gp4, heic. Agboolé kan náà, ojúlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ká àwọn mọ́kànlá tó ń jẹ́ .jpg yẹn mọ́. ftypheic ni gbogbo wọn, fọ́tò tí iPhone ń yà láti ìgbà tí iOS 11 ti dé ní 2017.

Lóru ọjọ́ yẹn mo tún kóòdù kọ, mo sì ṣe àṣìṣe kan tí mo máa sọ bójú tiẹ̀ ń tì mí. python-magic ní kéèyàn ka báìtì 2048 àkọ́kọ́, ó kéré tán, kí ìdáhùn ẹ̀ tó ṣeé gbọ́kàn lé. Mo kà á, f.read(2048), mo gbé e fún magic, magic ní image/jpeg, mo ní ó dáa, mo ní kí Flask, tó ń gba fáìlì wọlé fún ìkànnì mi, tọ́jú fáìlì. Mo gbàgbé pé bí mo ṣe kà á yẹn, ibi tá a kà dé ni nǹkan máa dúró sí, àfi tí mo bá fi seek(0) dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Mi ò dá a padà. Ohun tó wá ń wọ inú sáfà, kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì dúró, ni láti báìtì 2048 lọ. Ẹ gbọ́ ná, mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ilà ojú wọn, mò ń ní ọmọ ilé ni, wọlé, mo wá ń gé orí wọn kí n tó jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Fọ́tò mẹ́tàdínlógójì. Kò sóhun tó pariwo, ìkànnì ń kí wọn pé ẹ ṣeun, fọ́tò yín ti wọlé. Ìgbà tí mo ní kí àṣẹ file wo àwọn tó wà lórí sáfà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: data. Ìyẹn ni pé òun ò mọ ọmọ yìí rí.

Mo pe èèyàn mẹ́tàdínlógójì lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní òun ò ní padà lọ sí káfè mọ́ láéláé, kí n wá ya òun nílé, mo sì lọ yà á.

Ìdí iṣẹ́ yìí náà ni mo ti wá mọ̀ pé fọ́tò ò le tó ọ̀rọ̀. Èmi ò kọlà, àwọn àbúrò mi ò kọlà, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán náà ò kọlà. .txt, .csv, kóòdù Python, ohun tó wà níwájú orí wọn kàn ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tẹ́ni tó kọ ọ́ tẹ̀. Kí lèèyàn máa wá ṣe? Ohun tá à ń ṣe fún ẹni tí ò kọlà náà ni, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, tó bá ti la ẹnu ẹ máa mọ̀ bóyá Ìjẹ̀ṣà ni àbí Ìjẹ̀bú. libmagic náà ń tẹ́tí bẹ́ẹ̀, tí ò bá rí ilà á wo irú báìtì tó ń lò, á wá méfò bóyá ASCII ni, tí kò mọ̀ ju lẹ́tà òyìnbó lọ, àbí UTF-8, tó gba lẹ́tà gbogbo èdè. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fún mi ní CSV orúkọ àwọn mẹ́ńbà, mo fi Excel ṣí i, Fẹmi ti di Fáº¹mi. Ẹ̀yin náà ti rí áº¹ yẹn rí, ẹ má purọ́. Lẹ́tà ẹ kan ṣoṣo báìtì mẹ́ta ni nínú UTF-8, E1 BA B9, Excel ò sì bá àmì kankan níwájú fáìlì tó máa sọ fún un pé UTF-8 rèé, ló bá kà wọ́n ní lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fi EF BB BF sí iwájú fáìlì, ara ẹ̀ balẹ̀. Mo fi ilà kọ ọ́ nígbẹ̀yìn, ìyẹn ló jẹ́. Fáìlì kejì tí akọ̀wé wá fi ránṣẹ́, ó ti yọ gbogbo àmì kúrò kí wàhálà lè tán, Femi, Bola, Segun, file sì ní ASCII ni, àfi bí ẹni pé òyìnbó ni gbogbo mẹ́ńbà wa.

Google gbé Magika jáde ní oṣù Kejì 2024, òun ò fi ìwé ilà ṣiṣẹ́ rárá, fáìlì rẹpẹtẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ títí tó fi mọ bí irú kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ̀rọ̀, módẹ́ẹ̀lì tó sì wà nínú ẹ̀ ò ju mẹ́gábáìtì díẹ̀ lọ. Mo gbé kóòdù àti CSV fún un, ó gbọ́ wọn ju libmagic lọ, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ tó bá ṣì í, kò lè sọ ìdí fún mi. Ti libmagic, mo lè ṣí ìwé ilà ẹ̀, kí n wá ibi tó ti ṣìnà. Fún fọ́tò káàdì, ọ̀dọ̀ àgbà ni mo dúró sí.

Ti zip ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. docx, xlsx, apk, jar, epub, zip ni gbogbo wọn lábẹ́ aṣọ, PK kan náà ló wà lójú wọn, tó o bá wo ojú nìkan wàá pe lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti app fóònù ní nǹkan kan náà. Àwọn tó ṣe epub gbìyànjú, wọ́n ní fáìlì àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa jẹ́ mimetype, kí wọ́n má sì fún un pọ̀, kéèyàn lè kà á látìta. Fún àwọn yòókù, àfi kó o wọlé, kó o wo ohun tó wà nínú yàrá, bí Apache Tika ti àwọn oní-Java ṣe ń ṣe. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Kẹ́nikẹ́ni má sì gbọ́kàn lé ilà nìkan o. Lẹ́tà mẹ́fà ni GIF89a, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ sórí kóòdù PHP, irú èyí tí sáfà lè máa ṣe ohun tó bá sọ, kó gbé e wá pé fọ́tò ni, libmagic á sì jẹ́rìí sí i, torí ilà ló wò, ilà sì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá mo ní kí Pillow, laíbírì fọ́tò ti Python, ṣí gbogbo fọ́tò, kó fúnra ẹ̀ tún un kọ sí JPEG tuntun, kí n sọ ọ́ lórúkọ tèmi, kí sáfà sì máa fi nosniff ránṣẹ́ kí browser má lọ máa méfò tiẹ̀ lẹ́yìn wa. Èyí tí ò bá ṣeé ṣí, kò wọlé.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn lára àwọn laíbírì yìí, wọ́n lè sọ pé àwọn ò mọ̀. DetectContentType ti Go, èdè kóòdù míì, báìtì 512 péré ló ń wò, tí ò bá sì dá a mọ̀ ó ní application/octet-stream, ìyẹn ni pé báìtì ni mo rí, mi ò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo gba ìdáhùn lẹ́nu laíbírì ni mo fi orúkọ irọ́ sí i, torí libmagic ò sọ fún mi pé màmá parọ́, ohun tó sọ ò ju image/heic lọ. Èmi ni mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ .jpg, mo rí i pé wọn ò bára mu, mo ní ẹnì kan ló ṣe é.

Ta ló wá ṣe é? Mo bi màmá, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ọmọ ẹ̀ obìnrin tó wà ní London ló fi iPhone yà á nígbà tó wálé kẹ́yìn. Nígbà tí ẹgbẹ́ ní ká mú fọ́tò wá, ọmọ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bíi document, kí fọ́tò má bàa di ràdàràdà. Màmá gbé e lọ sí káfè àdúgbò wọn. Ọmọ káfè gbé e sórí ìkànnì mi, ìkànnì mi ní .heic kẹ̀, JPG nìkan lòun ń gbà. Ọmọ káfè wá ṣe ohun tó ti ń bá gbogbo èèyàn ṣe, ó pa heic rẹ́, ó kọ jpg sí i. Òun gbà pé orúkọ ọmọ ní ń ro ọmọ, tá a bá ti ń pè é ní jpg á di jpg, n kò sì lè dá a lẹ́bi, torí ìkànnì tèmi gan-an ti gba mọ́kànlá báyìí lọ́wọ́ àwọn èèyàn rí. Ọmọ ràn án lọ́wọ́, káfè ràn án lọ́wọ́. Èmi ni mo ní dandan orúkọ kan ni mo fẹ́ gbọ́, wọ́n wá a wá fún mi, mo tún ní òpùrọ́ ni wọ́n.

Mo pa ọ̀rọ̀ pupa yẹn rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìkànnì ò béèrè ìrù mọ́, ohun tó bá dé ló ń wò. Mo gbé pillow-heif sórí sáfà kí Pillow lè ṣí HEIC, tó bá rí i, ohun tó ń kọ ni: "A ti rí fọ́tò yín. Ẹ ní sùúrù díẹ̀, à ń yí i sí èyí tó ṣeé tẹ̀ sórí káàdì." Èyí tí ò bá mọ̀ rárá, á ní: "A ò dá fáìlì yìí mọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè wá." Nọ́ńbà mi ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n sì ń pè mí lóòótọ́.

Màmá tún pè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. "Ọmọ mi, ó ti gbà á o. Ó ní kí n ní sùúrù." Mo ní ẹ ṣeun mà, ẹ má bínú sí wa. Ó ní kò sóhun tó jọ ọ́, ó kan fẹ́ bi mí ní ọ̀rọ̀ kan ni, kí ló wá ń jẹ́ gan-an, fọ́tò ọ̀hún?

"HEIC ni, mà."

"Kí ló ń jẹ́?"

"H, E, I, C."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ìyẹn náà lẹ̀ ń pè lórúkọ? Abájọ tọ́mọ káfè fi pààrọ̀ ẹ̀."